Dókítà Tí Yunifásítì Mẹ́ta Kò Mọ̀

Ilẹ̀ òfìfo ni àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù Kẹta ọdún 1978, òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ìyìn, wọ́n gba ojú ọ̀nà tóóró wọ ọgbà Monínúọlá, wọ́n sì dúró. Ojú ibi tí ìdí ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń gbin igi ti tẹ ilẹ̀ nìkan ló kù, ó tò lọ rẹrẹ, bí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ìjọ ti dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Màdáàmù, àwọn ọ̀pẹ ẹ̀ṣọ́ náà dà?" Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbọ́lá ló bèèrè, olórí ikọ̀ náà. Ó sanra, ó wọ kóòtù nínú oòrùn, ìnujú kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Monínúọlá nu erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Ẹ̀yin lẹ kó wọn, sà."

"Àwa kẹ̀?"

"Dókítà Bámgbóyè yín. Ó pé ọjọ́ méjìlá lónìí. Ó gbé píkọ́ọ̀pù wá, ó mú lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ dání. Ó ní ẹ fẹ́ dán wọn wò ní oko ìwádìí yín. Ọ̀ọ́dúnrún ni gbogbo wọn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí Dókítà Olúbùnmi, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wá láti yunifásítì kejì. "Bámgbóyè yín ṣe irú èyí láìsọ fún mi?"

"Bámgbóyè tèmi kọ́. Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló ti wá?"

"Ọ̀dọ̀ mi bí i ti báwo?"

Àwọn méjèèjì wá kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, ti yunifásítì kẹta. Bàtà ara rẹ̀ ni ìyẹn ń wò. "Èmi rò pé tiyín ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Yunifásítì mẹ́ta parapọ̀ láti ṣèwádìí bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó àti igi ẹ̀ṣọ́ àti bí a ṣe ń tà wọ́n, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ tuntun fẹ́ kí àwọn ìlú lẹ́wà. Ní ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ l'Ádó, ọkùnrin kan tó wọ súùtù aláwọ̀ eérú jókòó pẹ̀lú wọn níbi tábìlì àwọn ẹni ńlá. Ó ń mi orí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ó jẹ ìrẹsì, ó sì ní kí wọ́n fi ẹran sí i. Olúkúlùkù rò pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ló ti wá. Kò sí èyí tó bèèrè, torí ẹni tó bá bèèrè yóò dà bí ẹni tí kò mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe ejò tó wà láàrin wọn ní Dókítà, tí wọ́n sì ń bu oúnjẹ fún un.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá," Monínúọlá wí.

"Rárá o!" Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìnujú nu ọrùn. "Ọ̀rọ̀ inú ilé nìyí. Bí àwọn oníwèé ìròyìn bá gbọ́ ńkọ́? Orúkọ yunifásítì mẹ́ta!"

"Ọ̀pẹ mi ńkọ́, sà?"

"Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa yan olùgbìn mẹ́rin tí ìjọba yóò máa ra igi lọ́wọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí igi rẹ̀ kò bá sí nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò lè wọ ìwé. Ẹ má bínú, màdáàmù."

Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì da eruku bo ewé tó kù nínú ọgbà.

Ọdún mẹ́ta ni Monínúọlá fi tọ́ àwọn ọ̀pẹ náà láti inú kóró. Orí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni ọgbà náà wà, àbúrò ọkọ náà kò sì fi èrò rẹ̀ pamọ́: ọjọ́ tí ọgbà bá ṣófo, ọjọ́ náà ni òun yóò gbà á, tí òun yóò sì máa mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ bàtà, ó kọrí sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì Ọmọ́níyì, ọkùnrin kúkúrú tó máa ń fi pẹ́ńsù há etí, ló gbà á lálejò.

"Kí ni olè jí?"

"Ọ̀pẹ."

"Ẹmu ọ̀pẹ?"

"Ọ̀pẹ tí òyìnbó kó wá, sà. Wọn kì í dá ẹmu lára rẹ̀. Kì í so ẹyìn."

"Kí ló wá wúlò fún?"

"Ó rẹwà."

Sájẹ́ǹtì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Olè wá jí ohun tí kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé mu?"

"Àwọn olówó máa ń gbìn ín síwájú ilé wọn, sà."

Ó tún mú pẹ́ńsù. "Ìyẹn ti yé mi. Ilé tuntun ni kí ẹ máa wò nígbà náà. Bí ẹ bá rí i, ẹ má bá a jà. Ẹ wá pè mí."

Monínúọlá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ìyábọ̀ dání, ẹni tó ń gbin róòsì, tí Dókítà kan náà ti kó ọgọ́ta róòsì rẹ̀ lọ "fún àyẹ̀wò". Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Fájuyì dé Ajílòsùn, wọ́n ń yọjú wo ọgbà ilé onílé títí ajá fi ń lé wọn. Ní ọjọ́ Ajé, ní Òkè-Ìlá, wọ́n kan ilé alájà méjì kan tí kìnnìún símẹ́ńtì méjì jókòó sí ẹnu géètì rẹ̀. Ilé Bámidélé agbaṣẹ́ṣe ni. Ọ̀pẹ ẹ̀ṣọ́ tò yí i ká, àmì ẹfun funfun sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Monínúọlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹfun náà síbẹ̀. Bí àwọn olùgbìn agbègbè náà ṣe ń ṣe é nìyẹn: kí igi tó kúrò ní àyè rẹ̀, wọn á fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn òwúrọ̀, kí ẹni tó máa tún un gbìn lè dojú rẹ̀ kọ ibi kan náà, kí oòrùn má bàa jó ẹ̀gbẹ́ tí kò mọ oòrùn rí. Ṣùgbọ́n níbí, ẹfun ọ̀kan kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, ti èkejì kọjú sí ògiri, ti ẹ̀kẹta kọjú sí ojú títì, bí àwọn ọmọdé tí wọ́n tò láìsí olùkọ́.

"Òpònú wo ló gbin èyí?" Ìyábọ̀ bèèrè.

Bàbá tó ń ṣọ́nà yọjú. "Ẹ má wọ inú ulé o! Kí lẹ ń wá?"

"Ọ̀pẹ yìí là ń wò, bàbá. Ta ló gbìn ín?"

"Dókítà ni. Ó ní òun ni ìjọba fi ṣe olórí gbogbo igi. Ó ń bọ̀ lọ́la láti gbé róòsì wá."

Ìyábọ̀ di orí mú. Monínúọlá fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ kó tó ké.

Ní ọjọ́ kejì, Sájẹ́ǹtì àti ọlọ́pàá kan lúgọ sẹ́yìn ògiri, àwọn obìnrin méjèèjì wà lẹ́yìn wọn. Ní aago mẹ́wàá, píkọ́ọ̀pù yọ. Súùtù aláwọ̀ eérú ló wà nídìí ọkọ̀, róòsì pupa ló kún ẹ̀yìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù kí ọkọ̀ wọ géètì.

"Róòsì mi rè é o! Olè!" Ìyábọ̀ ti jáde sójú ọ̀nà.

Ọkùnrin náà wò yíká, ojú òun àti Monínúọlá sì ṣe mẹ́rin. Ó yí ọkọ̀ po gbuuru lẹ́nu géètì, ó gbá orí kìnnìún kan já, ó sá. Sájẹ́ǹtì sáré títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, kò bá nǹkankan bí kò ṣe èéfín.

Ó padà wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìyá Róòsì, ẹ ṣeun. Ẹ kúkú lọ bá a tún táyà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, kó lè tètè dé ibi tó ń lọ."

Ìyábọ̀ ń sunkún.

"Ó ti lọ nìyẹn," Sájẹ́ǹtì wí.

"Kò lọ," Monínúọlá dáhùn. "Yóò wá sí ìpàdé lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe ara wọn. Ojú ń tì wọ́n. Lójú tirẹ̀, àwa obìnrin nìkan ló ń lépa rẹ̀, kò rí yín kó tó yí ọkọ̀ padà. Ta ni yóò gbàgbọ́ obìnrin tí ẹrẹ̀ wà léèékánná rẹ̀? Yóò wá fi mí sùn kí n tó fi í sùn. Àga tó wà níbẹ̀ yẹn ti dùn mọ́ ọn."

Sájẹ́ǹtì gbọn eruku fìlà rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

Ní ọjọ́ Ẹtì, ogójì olùgbìn jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú gbọ̀ngàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè. Ọkùnrin náà wọlé bí ọkọ ìyàwó, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó sì jókòó. Kò sí ẹni tó kọ ọwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dìde.

"Alága, ìròyìn ìbànújẹ́ ni mo mú wá. Arábìnrin Monínúọlá ta gbogbo ọ̀pẹ ìwádìí wa fún agbaṣẹ́ṣe kan. Nígbà tí mo ká a mọ́ ibẹ̀, ó kó jàǹdùkú dè mí. Mo ní kí a yọ orúkọ rẹ̀ pátápátá."

Ariwo sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbọ́lá mọ̀ pé irọ́ ni. Ó nu iwájú orí, ó nu ẹ̀yìn ọrùn. Pẹ́ńsù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi fagi lé orúkọ Monínúọlá.

Ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ bùbá, tí pẹ́ńsù há sí etí rẹ̀, dìde lẹ́yìn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Yunifásítì wo lẹ ti wá?"

"Ta ni ìwọ?"

"Olùgbìn ni mí. Àwọn èèyàn ni mò ń gbìn sí àtìmọ́lé. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tó wà lókè. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyí. Bi wọ́n."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé tiyín ni?"

"A... a jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni."

"N kò bèèrè ìyẹn."

Monínúọlá gbé ọ̀pẹ kan tí wọ́n hú ní Òkè-Ìlá dìde, ó gbé e lọ síwájú tábìlì. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹfun yìí wà fún?"

Ọkùnrin náà wò ó. Ó tún un wò. "Oògùn kòkòrò ni. Àwa la pò ó ní yàrá ìwádìí wa."

Ogójì olùgbìn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó wá láti Ìyìn rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Oògùn kòkòrò! Kòkòrò wo ló tún ju ìwọ lọ?"

Láàrin ẹ̀rín náà ni Dókítà Olúbùnmi dìde. "Kì í ṣe tèmi," ó wí. "Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

"Kì í ṣe tèmi náà," Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè wí.

Gbogbo ojú yí sí Akínbọ́lá. "Kì í ṣe tèmi," ló sọ sínú ìnujú rẹ̀.

Súùtù aláwọ̀ eérú ti dé ojú fèrèsé. Ẹsẹ̀ kan ti wà níta nígbà tí Ìyábọ̀ di táì rẹ̀ mú, ó sì fà á wọlé bí ẹni fa ewúrẹ́.

"Róòsì mi dà?"

Nídìí tábìlì kan náà tó ti jẹ ìrẹsì ni Sájẹ́ǹtì ti bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Orúkọ?"

"Bámgbóyè."

"Èyí tí ìyá rẹ mọ̀."

"Táíwò Adéyẹyè."

"Iṣẹ́?"

"Mo ń kiri aago ọwọ́."

"Báwo lo ṣe di dókítà?"

"Mo rí ọkọ̀ ńlá mẹ́ta níwájú gbọ̀ngàn, mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Oúnjẹ nìkan ni mo bá wá." Ó nawọ́ sí Akínbọ́lá. "Bàbá yìí ló bọ̀ mí lọ́wọ́, tó ní, 'Ẹ káàbọ̀, Dókítà.' Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ pe ara mi bẹ́ẹ̀."

"Ìyókù ọ̀pẹ dà?"

"Inú ilé àkọ́kù kan ní Ìyìn. Mo ń wá ẹni tí yóò rà wọ́n."

"Ìgbà wo lo bomi rin wọ́n kẹ́yìn?" Monínúọlá bèèrè.

Táíwò wò ó tìyanutìyanu. "Ṣé wọ́n ń mu omi ni?"

Monínúọlá ti ń sáré lọ sídìí ọkọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé.

Nínú ilé àkọ́kù náà, lábẹ́ páànù gbígbóná, àwọn ọ̀pẹ dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, ewé wọn ti di aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Monínúọlá kúnlẹ̀, ó ń fi èékánná họ ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tó ṣì tutù. "Ó yè," ó ń wí. "Èyí yè. Èyí náà yè." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé," Sájẹ́ǹtì wí, "odò wà nísàlẹ̀ yẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbọ́lá bọ́ kóòtù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló gun òkè náà pẹ̀lú garawa lórí. Wọ́n bá róòsì Ìyábọ̀ lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù nínú ilé àkọ́kù náà, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà dé ọgbà Monínúọlá, tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ èyí tí agbaṣẹ́ṣe fi ìbẹ̀rù dá padà, ọ̀pẹ tó yè lé ní igba. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ orúkọ Monínúọlá sínú ìwé lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, Dókítà Olúbùnmi sì dúró tì í títí ó fi fọwọ́ sí i. Àbúrò ọkọ tó ti wá wo ilẹ̀ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ padà láìkí ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù nínú fọ́ọ̀mù àwọn tí wọ́n yàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó kà á sókè pé: "Kí ni ìṣòro tó ga jù tí ẹ ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ títa igi àti òdòdó?"

Monínúọlá ń da omi sí ìdí ọ̀pẹ kan. Kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí ba, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.