Ilé Tí Àlejò Kankan Kò Wọ̀

Eyín ló mú wọn pàdé. Aránṣọ jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà eyín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó kó bọ́ọ̀lù sẹ́nu. Ó kàn ṣèèṣì bojú wo fóònù ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, ẹnu sì yà á tòun ti ìrora.

Òkun ló kún inú fóònù náà. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé ẹja hàn nísàlẹ̀. Erékùṣù kékeré wà láàárín rẹ̀, pẹ̀lú igi àgbọn, ilé kéékèèké, àti àwọn àlejò tíntìntín tí wọ́n nà gbalaja sórí iyanrìn. Ìgbì ń rọra wá, ó ń rọra lọ.

"Há! Ta ló ni ibí yìí?"

"Èmi ni mo ni ín o," ni ọkùnrin náà wí. "Lójú ayé, fíríjì ni mò ń tún ṣe. Nínú géèmù yìí, ọ̀gá ibùdó ìsinmi ni mí. Mò ń gba àlejò, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí inú wọn bá dùn, wọ́n á fún mi ní ìràwọ̀. Mo ti ní márààrún."

Ó na fóònù sí i. "Ẹ bá mi kọ́ ilé kan."

Aránṣọ kọ́ ọ sétí omi, ó fi òrùlé pupa bò ó. Kí nọ́ọ̀sì tó pè é, ó ti gbàgbé eyín.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi fẹ́ra bí ẹni ń mu omi tútù. "Adúmáadán mi" ni ọkùnrin náà ń pè é. Òun náà ń pè é ní Ọ̀gá Erékùṣù. Àfi ìgbà tí Aránṣọ mú un lọ han bàbá rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ géèmù sì jáde, ni nǹkan yí padà. Bàbá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀gá kò tíì fẹ̀yìntì.

"Géèmù? Àgbàlagbà? Ọkùnrin tó ń fi ìka kọ́lé, ṣé orí ìka náà ni yóò gbé ìyàwó sí? Mi ò fọwọ́ sí i!"

Aránṣọ sunkún títí. Òun nìkan ni bàbá ní láyé, kò sì lè kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní kí Ọ̀gá Erékùṣù má pe òun mọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń rán aṣọ ìyàwó fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀sán Sátidé kan ni fíríjì bàbá kú. Oníṣẹ́ méjì wá, wọ́n tú u, wọ́n mirí, wọ́n lọ. Ẹran ń yọ́.

"Onígéèmù yẹn ńkọ́?" ni bàbá wí, kò wo ojú ọmọ rẹ̀. "Pè é."

Ó dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́, ó kí bàbá dáadáa. Aránṣọ sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọkùnrin náà ń dúró kí gáàsì wọlé tán, bàbá ní, "Gbé fóònù yẹn wá. Jẹ́ kí n rí ohun tó ń sọ àgbà di ọmọdé."

Ó gbé awò sójú. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Omi yìí mà dára o. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kan ṣoṣo? Ọ̀lẹ ni ọ́ níbí náà!"

"Ilé olórùlé pupa yẹn ló fà á, sà. Tí ilé bá ṣófo, ìràwọ̀ á máa já."

"Kí ló dé tí o ò fi àlejò sí i?"

"Ọmọ yín ló ni ín, sà. Láti oṣù mẹ́jọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá a."

Aránṣọ gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò mọ̀ pé èèyàn lè dúró de òun báyẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá bọ́ awò. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò rí ẹni tó fi máàkì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn rí." Ó dá fóònù padà fún un. "Ìgbà wo ni àwọn ẹbí rẹ ń bọ̀?"

"Lọ́la, sà!"

"Lọ́la kẹ̀? Tún fíríjì mi ṣe tán ná!"

Aránṣọ jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rín lẹ́nu, omijé lójú, ó sì lọ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú níṣojú bàbá.