Pákó Ìdí Ọkọ̀

Irin ìlu tí Olúwadáre ń yí wọ ìdí ọkọ̀ náà kò bá a ṣagídí rárá, ohun tó sì já a láyà nìyẹn. Igi tó bá le máa ń bá irin jà ni. Èyí kàn gbà á wọlé bí ẹni fi ìka bọ ẹ̀kọ. Nígbà tó fà á yọ, igi dúdú tó ti jẹrà ló bá a jáde, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń wo òun.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ní Ayétòrò, ìlú ìjọ onígbàgbọ́ kan létí òkun, nígbà tí ohun gbogbo ìlú ṣì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ilé, àwọ̀n, oúnjẹ, títí kan aṣọ ọrùn ẹni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Olúwadáre, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ni àwọn àgbà ìjọ yàn án sí. Ọkọ̀ ìpẹja àtijọ́ kan tó ti wà nínú ẹrẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n ti pààrọ̀ pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sí i. Àmọ́ agbára ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ jù. Bó bá ti ń sáré, imú ọkọ̀ á gbéra sókè, Bàbá Jọọlá tó ń tukọ̀ kò sì ní rí iwájú mọ́. Ni Arákùnrin Ògúnlànà, ọ̀gá wọn, bá rọ irin pẹlẹbẹ méjì tí wọn yóò dè mọ́ ìdí ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí omi lè máa ti ìdí rẹ̀ sókè, kí imú rẹ̀ sì wálẹ̀. Ìyẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Ògúnlànà fúnra rẹ̀ de tọ̀tún. Ó fi tòsì sílẹ̀ fún Olúwadáre nítorí ó fọkàn tán an.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ká pe ọ̀gá ni, ká ní pákó ti jẹrà. Ṣùgbọ́n àtipààrọ̀ pákó yẹn á tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ti kéde pé lọ́jọ́ Ajé ni ọkọ̀ máa wọ òkun. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé òun náà á bá wọn lọ, ohun tó ti ń wá láti kékeré. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lè yan ẹlòmíì. Ó kó lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn rẹ́ sílẹ̀, ó pò ó mọ́ ọ̀dà, ó fi dí ibi tó jẹrà, ó fi bóòtù de ìyẹ́ mọ́ ọn, ó sì fún un pinpin.

Ní Ayétòrò, wọn kì í yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé, kí ọkọ̀ tó wọ omi, gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án á dìde lójú ìjọ, á sọ pé tòun pé. Ọ̀rọ̀ ẹnu arákùnrin ti tó wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Olúwadáre dìde.

"Tèmi pé," ó wí.

Bàbá Jọọlá rẹ́rìn-ín sí i, ó ṣàdúrà fún un. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ wo ìdí ọkọ̀. Ọ̀dà ti gbẹ, ó ń dán. Ẹ̀rù sì ń bà á síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, òun, Bàbá Jọọlá àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Lawrence ló wọ òkun. Omi pa rọ́rọ́, ó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Imú ọkọ̀ wálẹ̀, Bàbá Jọọlá sì ń yin àwọn tó rọ ìyẹ́. Lawrence ń fi Olúwadáre ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ti ń yán hànhàn fún òkun látọjọ́ yìí tún wá kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyẹ́ òsì ni ojú Olúwadáre wà. Ìyẹ́ náà ti ń gbọ̀n. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ojú tì í. Ó ní bí àwọn bá ti délé, òun á sọ.

Wọn kò délé. Ìgbì kan ṣoṣo ló ṣàdédé gbá wọn, ìyẹ́ náà fà ya tòun ti pákó, omi ya wọlé, ẹ́ńjìnnì sì fa ìdí ọkọ̀ rì. Àwọn apẹja láti Molutehin, ìlú kan nítòsí, ló yọ Olúwadáre àti Lawrence nínú omi. Wọ́n wá Bàbá Jọọlá títí, wọn ò rí i.

Ní Ọjọ́rú, ìjọ pé jọ. Ògúnlànà dìde, ó ní òun ni ọ̀gá, kí wọ́n dá òun lẹ́bi. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní rárá, tiwa ni ọkọ̀, tiwa náà ni ẹ̀bi. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹ̀bi náà ti fẹ́ pín káàkiri bí oúnjẹ, kò sì ní pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Olúwadáre bá dákẹ́, ó parí nìyẹn. Ó dìde.

"Kì í ṣe tiwa. Tèmi ni. Pákó yẹn ti jẹrà, mo sì fi ọ̀dà bò ó."

Màmá Màríà, ìyàwó Bàbá Jọọlá, kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Dáre, ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì, Màmá."

Obìnrin náà ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Ìsinmi. "Ọjọ́ mẹ́ta," ó ní. "Ìwọ àti ọkọ mi sì jọ ń jókòó jẹun pọ̀."

Wọn kò lé Olúwadáre nílùú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi irin gún gbogbo pákó kí ọkọ̀ tó wọ omi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn ará lè bá wa pín oúnjẹ, wọ́n lè bá wa pín ìyà pàápàá, àmọ́ òótọ́ tí a nìkan mọ̀, àwa nìkan la lè sọ ọ́, ní àsìkò rẹ̀ ló sì yẹ kí á sọ ọ́. Ká ní Olúwadáre sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pákó kan péré ni wọn ì bá pààrọ̀.