Páìpù Tóóró Ilé Bákàrè

Omi ń ṣàn tín-ín-rín bí òwú láti ẹnu ẹ̀rọ ilé Bákàrè ní àdúgbò Dichemso. Sàbírátù, ìyàwó rẹ̀, gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, ó sáré wọlé lọ fọwọ́ kan orí Àyọ̀kẹ́, ọmọ wọn, ó tún sáré jáde. Omi kò tíì dé ìdajì garawa.

Àyọ̀kẹ́ ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná. Níjẹta, wọn kò lè dúró de ẹ̀rọ, ni wọ́n bá pọn omi odò fún un mu láìsè é. Nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n máa fún un ní omi sísè lemọ́lemọ́.

Bákàrè gbé dígà. "Àwọn oníṣẹ́ omi ló ń fi omi dù wá! Wàlláhì, màá bẹ́ páìpù ojú títì lónìí."

"Bàbá Àyọ̀kẹ́, ẹ dákun!"

"Agoo!" Táhírù tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù ládùúgbò ló wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé dígà yẹn sílẹ̀ ná."

Ó ti ẹnu ẹ̀rọ pa, ó so irinṣẹ́ kan tó ní ọwọ́ bíi ti aago mọ́ ọn, ó sì tún un ṣí. Ọwọ́ náà gòkè. Nígbà tó so ó mọ́ ti Efua, aládùúgbò wọn, ibì kan náà ló dúró sí.

"Agbára tó ń ti omi kò dín ní ilé yín," ni Táhírù wí.

Ó wá fi garawa kan náà gba omi nílé méjèèjì, ó ń wo aago. Ti Bákàrè gba ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ti Efua gba ẹyọ kan péré. Sàbírátù kò dúró gbọ́ ìyókù, ó gbé garawa omi Efua, ó sáré lọ sílé.

"Fa kɔ, me nua! Gbé e lọ, àbúrò mi!" ni Efua ń pariwo tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí Sàbírátù fi gbé omi náà ka iná.

"Páìpù Efua fẹ̀ ní íńṣì kan," ni Táhírù sọ. "Tiyín jẹ́ ìdajì."

"Ṣé kì í ṣe ìdajì omi ló yẹ kó máa wá nígbà náà?" ni Bákàrè béèrè.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá dín sí ìdajì, ojú ihò rẹ̀ á dín sí ìdámẹ́rin. Omi tún ń ha ara rẹ̀ mọ́ páìpù tóóró, ìyẹn ń fà á sẹ́yìn. Bí ìdámẹ́fà ló ń dé ọ̀dọ̀ yín."

Bákàrè wo dígà ọwọ́ rẹ̀, ojú tì í. Ilẹ̀ àgbàlá ara rẹ̀ ló fi í gbẹ́ lọ́jọ́ kejì, láti ri páìpù tó fẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn dáadáa. Ní ọjọ́ kẹta, ara Àyọ̀kẹ́ yá, ó jókòó mu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná.

Ẹ̀yin onílé, tí omi yín kò bá yá, ẹ fi garawa àti aago wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ páìpù wo agbára omi àti fífẹ̀ páìpù, kó sì wo bó ṣe gùn tó, torí páìpù gígùn náà ń fa omi sẹ́yìn. Ẹ má bẹ́ páìpù ìlú, gbogbo àdúgbò ni omi á wọ́n fún. Kí omi tó pọ̀ nílé yín, ẹ má fún ọmọ kankan ní omi odò láìsè é.