Gókípà Orí Yìnyín àti Ọmọ Alàgbà

Ọkùnrin náà tóbi bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú gólì ló dúró sí, lórí yìnyín tó wà nínú mall ní Sharpstown, ní Houston. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ gba odidi àgbò, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì dúdú bíi tiwa. Mojọlá, tó kàn ń lọ ra bàtà, dúró gbagidi.

Ọmọdé kan gbá họ́kì. Rọ́bà dúdú pelebe tí wọ́n fi ń ṣeré náà fò bí ọta ìbọn, imú Mojọlá ló dorí kọ.

"Yéè, mo gbé!"

Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó hán an lófuurufú. Ká ní kò hán an ni, Greenspoint lápá kejì ìlú ni imú yẹn ì bá balẹ̀ sí!

"Ẹ ò ní gbé lójú mi," ló fi Yorùbá dáhùn.

"Háà! Ta lẹ ṣẹ̀ tó lé yín wọnú fíríìjì?"

Lérè ni orúkọ rẹ̀. Canada ló dàgbà sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi họ́kì jẹun kí orúnkún tó kọ̀ ọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di kóòṣì àwọn ọmọdé ni. Láti ọjọ́ náà, bàtà tí Mojọlá rà ju ẹsẹ̀ gbogbo Houston lọ.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé bàtà lo tún wá rà?" ni Lérè yóò wí.

"Ojú ẹ ni mo wá rà."

Ṣùgbọ́n bàbá Mojọlá, Alàgbà Bámidélé, ẹnjiníà ní Westchase, fárígá nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn méjèèjì ń fẹ́ra. "Ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní yíyọ̀? Mi ò fọ́mọ fún ẹni tó ń ṣeré!"

"Dádì, ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀."

Ní Sátidé, Mojọlá mú bàbá rẹ̀ wá sí mall náà. Alàgbà ò dúró létí. Tààrà ni wọ́n fi bàtà aláwọ wọn wọ orí yìnyín, wọ́n fẹ́ lọ bi Lérè léèrè ọ̀rọ̀ lójúkojú. Ìṣísẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ yẹ̀. Àgbà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fọ́mọdé!

Lérè gbàgbé orúnkún. Ó fò bí ẹkùn, ó nà gbalaja sábẹ́ wọn, Alàgbà sì jókòó gbì sórí àyà rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Lérè wí láti ìsàlẹ̀.

"Kí ló dé tó ò jẹ́ kí n ṣubú?"

"Ẹ ò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi, sà."

Alàgbà rí i tí Lérè di orúnkún mú. "Orúnkún yẹn ń dùn ẹ́?"

"Gan-an ni, sà."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Mojọlá fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá dé ọ̀dọ̀ wọn. "Lérè, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n pè ẹ́?"

"Mo gbọ́. Jọ̀ọ́, má tíì jẹ́ kí wọ́n dìde. Sà, mo fẹ́ fẹ́ Mojọlá."

"Gbé mi dìde ná."

"Ẹ kọ́kọ́ dáhùn, sà."

Ẹ̀rín pa Alàgbà títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Mo ti fi í fún ẹ! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ tètè gbé mi, ẹsẹ̀ mi ti ń di yìnyín."