Ìka Mi Kò Sí Níbẹ̀

"Gbé e sí èjìká, kí n wò ó," ni Afi wí.

Svava gbé ìbọn náà sí èjìká. Afi, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, yí i po lẹ́ẹ̀mejì láàrin gáréèjì, ó ń wo apá rẹ̀, ó ń wo ọrùn rẹ̀, bíi télọ̀ tó fẹ́ rán aṣọ ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Wò ó! Ó bá ọ mu wẹ́kú!"

"Ẹ ṣeun gan-an, Afi. Èjìká mi ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà."

Ọdún kan gbáko ni ìdí ìbọn yẹn fi gùn jù fún ọmọ náà. Ìbọn ológun àtijọ́ ni, ọ̀kan lára àwọn tí ìjọba tà fún aráàlú nígbà tí ogun parí. Sójà gbọ̀ngbọ̀nràn ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí fíríìjì ga jù ú lọ. Ẹlòmíràn ì bá ti mú ayùn, kó gé igi ìdí rẹ̀ kúrú, kó sì parí síbẹ̀. Afi kò jẹ́ gbọ́ irú rẹ̀. Ó mọ̀ pé nígbà ogun, àwọn ológun fúnra wọn ṣe ìdí ìbọn kúkúrú fún àwọn sójà tí kò ga, wọ́n sì lu lẹ́tà S, ìbẹ̀rẹ̀ "short", sí i lára. Oṣù méje ló fi kọ lẹ́tà kiri Kánádà kó tó rí ọ̀kan lọ́wọ́ obìnrin opó kan ní Saskatchewan.

"Ìdíje ìbọn àtijọ́ la fẹ́ lọ," Afi wí, ó ń fọwọ́ lu ìwé òfin ẹgbẹ́ ayìnbọn wọn pọ́ọ́pọ́. "Bí àwọn ológun ṣe fún sójà ni wọ́n fẹ́ rí i. Ohun tí o kò bá rí nínú ìwé yìí, béèrè kí o tó ṣe é. Òfin ìjọba pàápàá tún wà lọ́tọ̀ o. Ẹni tó bá gé ẹnu ìbọn kúrú kọjá ìwọ̀n, ọlọ́pàá ló máa wá kí i nílé."

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n gbé ìbọn náà lọ fún àyẹ̀wò. Màdáámù Odette Lavallée ni alábòójútó pápá ìbọn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, ẹni tó bá sì ti wa irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kò sí ìwà ọmọdé tí kò tíì rí. Ó gbé ìbọn náà dúró, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, inú rẹ̀ ṣófo. Ó wá fi ìwọ̀n kan tó wúwo tó kílò kan àtààbọ̀ kọ́ irin tí wọ́n ń fi ìka fà. Bí irin náà bá gbé ìwọ̀n yẹn dúró láìjábọ́, ìbọn yege. Bó bá jábọ́, a jẹ́ pé ó ti fúyẹ́ jù, ẹlẹ́rù á gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ti Svava gbé e dúró gbọn-in. Odette lẹ ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan mọ́ ìdí ìbọn náà.

"Ìwé yìí ń jẹ́rìí fún ìbọn bó ṣe wà lónìí o," ó wí. "Bí ẹ bá tún fọwọ́ kan nǹkan nínú rẹ̀, ẹ gbé e padà wá fún mi."

"A ti gbọ́, Mà," Svava dáhùn.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ náà ti wà ní Ottawa. Ọ̀dọ́ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn máa fi ránṣẹ́ sí ìdíje ńlá tó ń bọ̀ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdíje tí wọ́n máa fi yàn án. Svava kò tíì kọjá Winnipeg rí láyé rẹ̀. Ó ti ka orúkọ àwọn ìlú tí ọkọ̀ ojú irin máa gbà lọ tán, ó ti mọ̀ wọ́n lórí. Kò rí nǹkan mìíràn tó tún ń wù ú.

Tanner Kuzyk, tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ́dún tó kọjá, ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń dánra wò, ó jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Svava, ṣé ìbọn lò ń fà ni, àbí o ń fa ọkọ̀ ẹja Afi rẹ jáde nínú yìnyín?"

"Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

"Mi ò bú ọ. Irin ìbọn rẹ ló le. Kó o tó fà á tán, ọwọ́ rẹ ti gbọ̀n. Wo tèmi. Bó o bá mí sí i lásán, ó ti dún."

"Ṣé Màdáámù Odette mọ̀?"

"Kí ló kàn án? Ìwé aláwọ̀ ewé ṣáà wà lára ẹ̀." Ó fi fídíò kan hàn án lórí fóònù. "Sáńpépà àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Gbogbo àwọn tó ń gbégbá orókè ló ń ṣe é. Ìwọ nìkan lò ń ṣe bí aya pásítọ̀."

Ẹ̀ẹ̀kan ni Svava rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbàgbé ẹ̀rín rẹ̀. Sáńpépà ni kò gbàgbé.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iléèwé, Afi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìbọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé ìbọn náà fún un pé kó fi òróró pa igi rẹ̀. "Mo ń lọ mu kọfí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi," ó wí. "N kò ní pẹ́." Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ta ló ń wẹ̀yìn wo ọmọ tó fọkàn tán?

Svava tú ìbọn náà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé díẹ̀ péré ni, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ha irin inú rẹ̀ bó ṣe rí i nínú fídíò, ó tò ó padà, ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí ọta nínú rẹ̀. Ó dára, ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀. Gáréèjì Afi sì móoru bí ilé ìdáná. Nígbà tí Afi dé, igi ìbọn ń dán gbinrin, ó sì yin ọmọ náà. Svava kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Yìnyín kò tíì kúrò lórí adágún, atẹ́gùn tó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ ń gé ènìyàn létí. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní wọn ní ìlà kan. Mireille, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kò bá wọn díje rí, ni ó wà ní apá ọ̀tún Svava. Afi wọ ẹ̀wù pupa àwọn olùrànlọ́wọ́ pápá, ó dúró lẹ́yìn wọn. Ogójì ọdún rèé tó ti ń bá àwọn ará ìlú tún ìbọn wọn ṣe, tó sì ń wọ ẹ̀wù náà.

Svava yin ọta mẹ́wàá àkọ́kọ́. Háà! Kò yìnbọn báyìí rí. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló wọ àárín gbùngbùn. Ó ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin létí rẹ̀.

Odette ní kí wọ́n tún ki ìbọn. Òtútù ti mú òróró inú ìbọn náà ki, ibi tí Svava sì ha kò lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Ó ti irin tí wọ́n fi ń ki ọta síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìbọn dún gbàù.

Ilẹ̀ fọ́n sókè níwájú wọn, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Òkúta wẹ́wẹ́ ta ba fìlà Mireille, ọmọ náà sì figbe ta.

"Ẹ dáwọ́ dúró!" Odette ké. "Gbogbo yín! Ẹ tú ọta kúrò, ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan mọ́!"

Ìbọn gbogbo dákẹ́. Odette wò ó pé Mireille kò fara pa, ó wá kúnlẹ̀ ti Svava.

"Ọmọ mi, ṣé ìka rẹ wà lórí irin náà?"

Svava wo ìka rẹ̀. Ó mọ ìdí tí wọ́n fi bi í. Bí ìka bá wà níbẹ̀, àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Wọ́n á kìlọ̀ fún un, wọ́n á yọ máàkì ọta kan, ìdíje á sì máa lọ. Ó kàn máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Ottawa á sì tún wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là.

"Odette, má bi ọmọ náà," ohùn Afi dún lẹ́yìn wọn. "Èmi ni mo tú ìbọn yẹn, èmi ni mo fi ìdí tuntun sí i. Ó ní láti jẹ́ pé n kò de nǹkan kan dáadáa. Ojú mi kò dá ṣáṣá mọ́, a kàn ń tan ara wa ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú bọ́tìnnì ẹ̀wù pupa náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò tètè rí ihò bọ́tìnnì.

Omi lé sójú Svava.

"Afi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ ọ." Ó dìde sórí eékún. "Mà, ìka mi kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo fi sáńpépà ha inú ìbọn náà ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti lẹ ìwé mọ́ ọn. Afi kò mọ̀. Wọn ò sí nílé."

Odette gbé ìbọn náà lọ sórí tábìlì, ó rí i pé ó ṣófo, ó sì fi ìwọ̀n kọ́ ọ. Kò tíì yọwọ́ tán tí irin náà fi jábọ́. Ó ya ìwé aláwọ̀ ewé náà kúrò.

"Gbogbo ìbọn tó wà ní pápá yìí, ẹ gbé e wá sórí tábìlì," ó wí.

Svava rí Tanner níbi ìgbọ́kọ̀sí, tó ń gbé àpò ìbọn rẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀ wéréwéré. Ó ti lọ kó tó kàn án.

Wọ́n lé Svava kúrò nínú ìdíje, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ yìnbọn ní pápá títí ọdún náà fi máa parí. Ọmọkùnrin kan tó máa ń ṣe ipò kejì ló lọ sí Ottawa.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ìdíje náà, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ilé, Svava yíjú sí Afi.

"Inú ń bí yín sí mi."

"Ó ń bí mi gan-an," Afi dáhùn. "Nígbà tí Odette bi ọ́ léèrè, ó pẹ́ kí o tó dáhùn. Kí lò ń rò?"

"Mo fẹ́ sọ pé ìka mi wà níbẹ̀."

"Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀, kí ló kàn?"

Svava ronú. "Wọ́n á ní ká máa bá a lọ. Màá tún ki òmíràn." Ó fọwọ́ bojú. "Mireille á sì tún dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi."

Ó bú sẹ́kún. Afi pa ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Kò bá a wí mọ́.

Odette tún fún un níṣẹ́ kan: bí àwọn ọmọ tuntun bá dé, Svava ló máa ka òfin pápá fún wọn, á sì sọ ohun tó ṣe fún wọn láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìtìjú fẹ́ pa á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́ sókè.

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ sọ òtítọ́? Ẹ ò ṣáà lọ sí Ottawa."

Svava kò fẹ́ parọ́ fún un. "Ó dùn mí pé n kò lọ. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Mo rò pé nítorí ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ṣe òfin yẹn, mo rò pé bí mo bá rú u, èmi nìkan ló kàn. Irọ́ ni. Nítorí ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ ni wọ́n ṣe é. Ẹni mẹ́jọ la wà lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn, àwa mẹ́jọ la sì padà sílé lọ jẹun alẹ́."

Ọmọ náà wo ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í, ó sì gbé ìwé òfin sí orí itan rẹ̀.