Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Ìyá Àfúsá

Àdìrẹ ni Lubabah ń sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn n'Ítòkú tó fi rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró sáàárín títì, tó lanu, tó ń wòkè. Ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ nù sára ògiri wa?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé Àgùdà táwọn tó ti Brazil bọ̀ kọ́ nìyí! Ẹ wo bí orí fèrèsé ṣe tẹ̀, ẹ wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe. Irú rẹ̀ ò pọ̀ mọ́."

"Irú tèmi ńkọ́? Ó ṣì pọ̀?"

Ayàwòrán ilé ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Mùs'áb. Láti ìgbà náà, kò ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà relé. Wọ́n á jọ máa rìn, Mùs'áb á máa kọ́ ọ bí a ṣe ń dá ilé Àgùdà mọ̀ yàtọ̀ sí ilé Sàró táwọn tó ti Sierra Leone bọ̀ kọ́. Bí Lubabah bá ṣì í, òun ni yóò ra ẹ̀pà. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í, kí ìrìn lè gùn. Háà, ìgbà yẹn dùn o!

Àfi ìgbà tí Àìṣátù, àbúrò bàbá Lubabah, fi fọ́tò ilé tó rà ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́.

"A óò wó ògbólógbòó yìí," ni Àlájì Jùbrílù, bàbá Lubabah, wí. "Irú ti Àìṣátù la máa kọ́. Mùs'áb, ìwọ tó o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, lọ yà á wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má padà wá."

Lubabah sunkún títí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ìyá àgbà Àfúsá, ìyá Àlájì tó ti dolóògbé, ti tọ́ ọ dàgbà. Aláró ni ìyá àgbà, àpá ọwọ́ aró rẹ̀ ṣì wà lára pákó tí wọ́n ń fara tì.

"Bí o bá yà á, Mùs'áb, mi ò ní lè wojú rẹ mọ́."

Mùs'áb kò yà á. Fọ́tò náà ló mú tọ Àlájì lọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òrùlé tó ga ṣónṣó yìí, kí yìnyín lè máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni. Ihò èéfín yìí, nítorí iná tí wọ́n ń yá nígbà òtútù ni. Èwo ni tiwa níbẹ̀?" Ó fọwọ́ bo òkè fọ́tò náà. "Ẹ wá wo ìyókù."

Àlájì wò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, òpó igi, àga kan, Àìṣátù lórí rẹ̀, ó kọjú sí títì, ó ń juwọ́ sí ẹni tó ń kọjá.

Omi lé ròrò sójú Àlájì.

"Bí ìyá wa ṣe máa ń jókòó gẹ́lẹ́ nìyí. Ọmọ yìí, ilé ìyá wa ló lọ rà lọ́hùn-ún! Èmi tí mo wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ wó o."

Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n ti so yìgì Lubabah àti Mùs'áb. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Lubabah gbọ́wọ́ lé àpá ọwọ́ aró ìyá àgbà. Mùs'áb gbé tirẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ sọ nù?"

"Mo ti rí i," ni Mùs'áb wí. "Mi ò ní sọ ọ́ nù mọ́."