Fọ̀ Ọ́ Ni, Àbí Fò Ó?

"Yéè!"

Agbaṣẹ́ṣe ló ké. Ó ju rọ́bà omi sílẹ̀ bí ẹni tí ejò bù jẹ. Ike dúdú tó yí orí táyà píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ká lápá ọ̀tún ń bó. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o! Odindi ọ̀dà tuntun náà ṣí, ó rọ̀ dirodiro bí awọ ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé, omi sì ń gbá a lọ sínú gọ́tà. Ike tí oòrùn ti sọ di aláwọ̀ eérú tún yọjú síta, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí.

Obìnrin pẹ́ńtà tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti kun ọkọ̀ náà lanu, kò lè pa á dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kíá nítorí pé kì í lè fara balẹ̀, dúró gbagidi nínú aṣọ ilé-ìwé. Òun nìkan ló mọ ohun tó mú ọ̀dà náà bó.

Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ parí apá òsì, ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún Kíá, ó sì lọ ra ọ̀dà kún ọ̀dà. Kíá rí bí ìyá ṣe ṣe apá òsì. Ó fi ọṣẹ fọ ike náà, ó fi sípíríìtì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi pépà oníyanrìn ha á, kó tó wá fín ọ̀dà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Òróró ni bàbá tó ni ọkọ̀ yìí fi ń pa ike yìí kó lè máa dán," ni ìyá wí. "Ó ti mu wọnú. Tí sípíríìtì ò bá yọ ọ́, ọ̀dà ò ní dì mọ́ ọn. Ṣe é dáadáa o. Bí èyí bá dára, gbogbo píkọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́ wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Àwọn pẹ́ńtà ọkùnrin tó wà ní òdìkejì títì ti máa ń sọ pé tí obìnrin bá fẹ́ kun nǹkan, kó lọ máa kun ètè. Ìyá Kíá gbọ́ ọ, kò sì gbàgbé. Ó ń dúró de ọjọ́ tí píkọ́ọ̀pù wọ̀nyẹn máa tò síwájú ṣọ́ọ̀bù òun.

Kíá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ fọ apá ọ̀tún tán ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Rédíò.

"Kíá! Wọ́n ti ń pín àwọn tó máa sáré! Bí o ò bá dé pápá báyìí, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi rọ́pò ẹ."

"Mi ò tíì fi sípíríìtì fọ̀ ọ́."

"Sípíríìtì kẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ gún ike lábẹ́rẹ́ ni? Bi màmá ẹ, jàre!"

Kíá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: "Maami, fifo eekeji towo otun nko? O ti mo o." Èsì dé: "Fo o, ki o wa fin oda si i."

Rédíò bẹ́ sókè. "Fò ó! Wọ́n ní kí o fò ó!"

"Ó lè jẹ́ fọ̀ ọ́ o."

"Níbo lo ti rí àmì lábẹ́ ẹ̀? Fín in, ká máa lọ!"

Kíá tún wo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá tó bí i yìí, tó bá ń gbálẹ̀, á gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò. Kì í fo nǹkan kan. Kíá mọ̀. Ṣùgbọ́n "fò ó" ló bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó ha á gìrìgìrì, ó fín in, ó ń dán yinrinyinrin, ó sì sáré gba pápá lọ.

Agbaṣẹ́ṣe ló wá ń jágbe báyìí, láàárọ̀ Mọ́ńdè. "Ṣé ọkọ̀ tèmi lẹ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ ni?"

Ìyá yíjú. "Kíá, ṣé o fi sípíríìtì fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fò ó, Màámi." Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá fa fóònù yọ, ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. "Háà! Èmi ni mi ò fi àmì sí i." Ó kúnlẹ̀ sínú omi ilẹ̀ níwájú ọkùnrin náà. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Ọmọ yìí ò mọ̀."

Kíá ò rí i kí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ ọkùnrin kankan rí. Awọ ọ̀dà tó bó lẹ̀ mọ́ ìyá lórúnkún. Bí Kíá bá ṣáà ti dákẹ́, á lọ láìjìyà.

"Irọ́ ni, sà!" ló bú jáde lẹ́nu Kíá. "Mo mọ̀ pé fọ̀ ọ́ ni! Mo kàn kà á bó ṣe wù mí ni!"

Ìyá gbójú sókè wò ó. Ìwò yẹn dun Kíá ju ìgbájú lọ.

Agbaṣẹ́ṣe ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ, apá òsì ń dán, apá ọ̀tún rí jágajàga. Láti òdìkejì títì, ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lobìnrin ń kùn!" Ẹ̀rín sọ.

"Máa lọ sílé-ìwé," ni ìyá wí. "Tí o bá dé, gbogbo ike tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ìwọ lo máa fọ̀ ọ́." Ó fa "fọ̀" náà wálẹ̀ gbọọrọ, kí etí kankan má ṣì í gbọ́.

Píkọ́ọ̀pù wọ̀nyẹn ò wá, títí dòní. Kì í ṣe àìsí àmì ló tan Kíá jẹ o. Ó mọ ohun tí wọ́n rán an, ó sì mú èyí tó rọrùn. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ rántí pé orúnkún ẹlòmíràn ló kanlẹ̀ nítorí ohun tí Kíá fò.